Ìwé Ellie Kò Ṣófo: Èrò Mi Lórí Fíìmù Up

Ní sáà tó kọjá, àwa mélòó kan nínú felóṣíìpù kó jọ sí yàrá kan ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, a wo Up lórí láptọ́ọ̀pù. Fíìmù náà ti pẹ́ díẹ̀. Ọdún 2009 ni iléeṣẹ́ Pixar gbé e jáde ní Amẹ́ríkà. Pete Docter ló darí rẹ̀, Bob Peterson sì ràn án lọ́wọ́. Bí ó ṣe parí, arákùnrin kan dìde, ó ní, "Fíìmù yìí dùn o, àmọ́ ká ní tọkọtaya yẹn mọ àdúrà gbà ni, wọn ì bá ti bímọ." Àwọn kan ṣe àmín. Èmi ò ṣe. Ńṣe ni mo gbé kẹ́ẹ̀gì, mo lọ pọn omi tí n kò nílò. Ohun tí mi ò lè sọ lọ́jọ́ náà ni mo jókòó kọ báyìí.

Fún ẹni tí kò tíì wò ó: kátúùnù ni, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ìyẹn tàn yín. Carl jẹ́ ọmọkùnrin onítìjú tó fẹ́ràn ìtàn àwọn arìnrìn-àjò. Ó pàdé Ellie, ọmọbìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, nínú ahoro ilé kan. Ellie fi ìdérí ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò ṣe báàjì, ó fi há a láyà. Ó tún fi ìwé kan hàn án. Inú rẹ̀ ni àwòrán Paradise Falls wà, níbi tí omi ti ń já bọ́ láti orí òkè gíga ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ó ní òun máa gbé níbẹ̀ lọ́jọ́ kan. Àwọn ojú ìwé tó kù ṣófo: ibẹ̀ lòun máa lẹ ohun tí òun bá ṣe láyé mọ́.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ dé. Kò sẹ́ni tó lanu sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Orin Michael Giacchino nìkan là ń gbọ́, orin fíìmù yìí sì gba Oscar lọ́dún 2010. Carl àti Ellie fẹ́ra, wọ́n tún ahoro yẹn ṣe, wọ́n sọ ọ́ di ilé wọn. Wọ́n kun yàrá kan lọ́dà, wọ́n ń retí ọmọ. Ẹ ò tíì dákẹ́ ẹ̀rín tán tí a fi bá wọn lọ́dọ̀ dókítà, tí Ellie fi ọwọ́ bojú. Ó tán. Kò sí ìyá ọkọ tó ń yọ ṣùtì, kò sí òkè àdúrà, kò sì sí ìbejì ní ìparí. Ẹ̀yin tí ẹ ń wo fíìmù ilé wa, ṣebí ẹ mọ̀ ọ́n: bí obìnrin bá ti ń wá ọmọ ní apá kìíní, ìkókó ti fẹ́ẹ̀ máa ké ní apá kejì nìyẹn. Nínú Up, yàrá ọmọ ṣófo, ó sì wà bẹ́ẹ̀.

Carl gbé ìwé yẹn fún ìyàwó rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ owó sínú ìgò tí wọ́n fi ṣe kóló, kí wọ́n lè lọ sí Paradise Falls. Táyà bẹ́, wọ́n fọ́ kóló. Ẹsẹ̀ kán, wọ́n fọ́ kóló. Igi wó lu òrùlé, wọ́n tún fọ́ ọ. Irun wọn di funfun. Ellie kú kí wọ́n tó lọ.

Ẹ kíyè sí ṣọ́ọ̀ṣì o. Ibi tí wọ́n ti so yìgì náà ni Carl jókòó sí lọ́jọ́ ìsìnkú, òun nìkan láàárín òdòdó àti bàlúùnù (èyí tí a máa ń pè ní fèrè ní kékeré). A ò gbọ́ ìwàásù kankan. Docter ti sọ ní gbangba pé Kristẹni ni òun, nítorí náà ẹnì kan lè bi í pé kí ló dé tí ṣọ́ọ̀ṣì fi yadi. Èmi ò rí i bí àléébù. Àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje láìsọ nǹkan kan, ìgbà tí wọ́n lanu ni wọ́n ba nǹkan jẹ́. Jésù pàápàá, omi bọ́ lójú rẹ̀ níwájú ibojì Lásárù, bẹ́ẹ̀ ó mọ ohun tí òun fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tó fi ká mi lára. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló tọ́ mi láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Màámi ni mo ń pè wọ́n. Wọn ò bímọ. Àdúrà tí arákùnrin wa ní lọ́kàn, wọ́n gbà á. Ààwẹ̀ tí wọ́n gbà kò lóǹkà. Mo gba ìtàn Sárà, Hánà àti Èlísábẹ́tì gbọ́, Màámi náà gbà wọ́n gbọ́ títí wọ́n fi jáde láyé lọ́dún méjì sẹ́yìn. Nínú ìwé ètò ìsìnkú wọn, ibi tí wọ́n máa ń kọ "Àwọn Ọmọ" sí, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Mo wá orúkọ mi títí, mo rí i lábẹ́ "Àwọn Ẹbí", nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹni tó wàásù ní ká má sunkún, ká máa yọ̀. Bàbá, ọkọ wọn, gbọ́ràn. Mo rí i bí wọ́n ṣe ń gbé ẹkún mì.

Carl ò rójú sunkún náà, ẹrù ló sọ ọ́ dà. Ó di ẹni ọdún 78, ó ń bá ilé sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá Ellie sọ̀rọ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kó o lọ sílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ó so bàlúùnù rẹpẹtẹ mọ́ ilé náà, ilé gbéra nílẹ̀, ó dorí kọ Paradise Falls. Kò mọ̀ pé Russell, ọmọ ọdún mẹ́jọ kan tó ń wá báàjì ìrànlọ́wọ́ fún àgbàlagbà, wà lójú ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Carl fi rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin òdòdó so ilé mọ́ra, ó ń wọ́ ọ lọ lórí àpáta. Mi ò tíì rí àwòrán ọ̀fọ̀ tó jóòótọ́ tó bẹ́ẹ̀. Charles Muntz, akọni tí Carl ń yìn nígbà èwe, ni dígí rẹ̀: wọ́n pe òun ní òpùrọ́, ó bura pé òun á mú ẹyẹ ńlá kan bọ̀ láàyè, ó sì ti di ẹni tó lè pa èèyàn nítorí ẹyẹ. Nígbà tí Muntz ti iná bọ ilé, Carl fi ẹyẹ náà sílẹ̀ fún un, ó sáré lọ pa iná. Ohun ìní òkú ló yàn, ó fi alààyè sílẹ̀.

Mi ò ní purọ́, àwọn ajá tó ń wa bàálù ti pọ̀ jù fún mi. Àmọ́ fíìmù náà tún ara rẹ̀ ṣe níbi ìwé. Carl ti gbé ilé dé ibi tí Ellie fẹ́, ó jókòó sórí àga rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga ìyàwó rẹ̀, ọkàn rẹ̀ ò sì balẹ̀. Ó ṣí àwọn ojú ìwé tó rò pé wọ́n ṣófo. Kò sí èyí tó ṣófo. Ellie ti lẹ ìgbéyàwó wọn mọ́ ọn, àti àwọn ọjọ́ lásán tí wọ́n jọ gbé pọ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Carl dìde, ó kó gbogbo ẹrù ilé sóde kí ilé lè fúyẹ́, ó lọ wá ọmọ náà.

Ibi tí mo ti bá fíìmù náà jà nìyí: Ellie kò ní ọ̀la kankan níbẹ̀. Ìwé àti ìrántí ló kù. Èmi gbà pé àjíǹde ń bọ̀, ìrètí tí mo ní fún Màámi ju ìwé àwòrán lọ. Ṣùgbọ́n ìrètí kì í ṣe akísà tí a fi ń dí ẹnu ẹni tó ń sunkún.

Ní ìparí, bàbá Russell kò wá síbi tí wọ́n ti fẹ́ fún un ní báàjì. Carl ló gun orí ìtàgé, ìdérí ìgò Ellie ló fi há a láyà. Arákùnrin mi, mi ò bá ọ jà o, ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: Ellie kò bímọ, bẹ́ẹ̀ báàjì rẹ̀ wà láyà ọmọ kan. Ojú ìwé tí wọ́n rò pé ó ṣófo nínú ayé Màámi, èmi wà níbẹ̀.

Àga Màámi ṣì wà ní pálọ̀, ẹnikẹ́ni kì í jókòó lé e. Àwọn ẹbí ní kí n bá Bàbá sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé e kúrò. Mi ò ní sọ ọ́. Carl fúnra rẹ̀ ló gbé tiwọn síta, nígbà tó yá. Tí a bá gba ọlidé, màá gbé láptọ́ọ̀pù lọ sílé, kí èmi àti Bàbá jọ wo fíìmù yìí. Bí wọ́n bá sunkún, màá jẹ́ kí wọ́n sun ún.