Oríire àti Ọwọ́ Ènìyàn Nínú Ìwé Isaac Fadoyebo

Ní ọdún 1944, lẹ́bàá odò Kaladan ní ilẹ̀ Bọ́mà, ọta ìbọn àwọn ará Japan fọ́ ẹsẹ̀ Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùrè-Ilé nítòsí Ọ̀wọ̀. Àgbẹ̀ kan, Shuyiman, wà lára àwọn tí ó bọ́ ọ, tí wọ́n sì fi í pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án.

Oríire ni àkọlé ìwé rẹ̀, A Stroke of Unbelievable Luck, gbé ga. Ìtàn inú rẹ̀ ju àkọlé náà lọ. Oríkì jagunjagun a máa ka iye ẹni tí ó pa. Ìwé yìí ń ka oore àlejò. Níbẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà. Bí orí bá mú un délé, tiro-tiro, ènìyàn ni orí rán níṣẹ́.