Ilé Tí Wọ́n Yí Inú Rẹ̀ Síta: Àgbéyẹ̀wò Mataatua, Ilé Ìpàdé Àwọn Ngāti Awa

Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Bí ó bá wá jẹ́ ilé fúnra rẹ̀ ni a fẹ́ mọ̀ ńkọ́, kí ni a ó wò? Ìbéèrè yìí ni ó gbé wa dé ọ̀dọ̀ ilé kan ní ìlú Whakatāne, létí òkun ní erékùṣù àríwá Níù Sílándì, láàárín ẹ̀yà Màórì tí à ń pè ní Ngāti Awa. Mataatua ni orúkọ ilé náà. Wọ́n ṣí i ní ọdún 1875. Ní ọdún 1879, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n kó o lọ sí òkè òkun. Ọdún 2011 ni ó tó tún dúró lórí ilẹ̀ àwọn tí ó kọ́ ọ. Ní gbogbo ọdún 132 yẹn, àìmọye ènìyàn ni ó wò ó, ṣùgbọ́n ní èrò tiwa, díẹ̀ nínú wọn ni ó rí i. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé ilé ìpàdé Màórì kò ṣeé kà láìsí ojúde rẹ̀ àti àwọn tí ń fọhùn níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì kàn wá, nítorí àsìkò yìí gan-an ni orílẹ̀-èdè wa ń gba àwọn ohun ìní àwọn baba ńlá padà láti òkè òkun.

Kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí marae jẹ́. Ọ̀pọ̀ àlejò a máa rò pé ilé oníṣẹ́ ọnà nìkan ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Marae ni gbogbo ilẹ̀ náà lápapọ̀: ojúde gbalasa iwájú ilé, ilé ìpàdé tí wọ́n ń pè ní wharenui, ilé oúnjẹ tí ó wà nítòsí, àti itẹ́ òkú tí kì í sábà jìnnà. Ojúde ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀. Tūmatauenga, òrìṣà ogun, ni wọ́n gbà pé ó ni ojúde. Nítorí náà, ibẹ̀ ni a ti ń sọ ọ̀rọ̀ líle, tí a ti ń ta ko ara ẹni lójú gbogbo ayé. Rongo, òrìṣà àlàáfíà, ni ó ni inú ilé. Ẹni tí yóò bá wọ ibẹ̀ yóò bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìjà òde kò sì gbọdọ̀ bá a wọlé.

Àlejò kì í já wọ marae lójijì. Yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ohùn obìnrin onílé yóò fi ké sí i, tí obìnrin kan láàárín àwọn àlejò yóò sì dáhùn. Ìpè yẹn ju ìkíni lọ: ó ń ké sí àwọn òkú ìhà méjèèjì pé kí wọ́n bá àwọn alààyè péjọ. Lẹ́yìn èyí ni àlejò yóò rọra la ojúde kọjá. Wọn yóò jókòó, àwọn tí ó mọ̀rọ̀ọ́ sọ yóò dìde láti ìhà kìíní àti ìhà kejì, orin yóò sì máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Àlejò yóò gbé ẹ̀bùn kalẹ̀. Onílé àti àlejò yóò fi imú kan imú, kí wọ́n lè jọ mí èémí kan náà. Oúnjẹ ni yóò wá kádìí rẹ̀. Bí ènìyàn bá kú, wọn a máa tẹ́ ẹ sórí marae fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ènìyàn a sì máa dojú kọ òkú náà, wọn a máa bá a sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ó ṣì ń gbọ́.

Ilé tí ó dojú kọ ojúde yìí jẹ́ ara ènìyàn. Ère tí ó wà ní ṣóńṣó òrùlé níwájú ni orí baba ńlá. Pákó méjì tí ó ṣẹ̀ wálẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì ni ọwọ́ rẹ̀ tí ó nà láti gba àlejò, a sì máa ń fín ìka sí ìdí wọn. Igi gígùn tí ó la àárín òrùlé já ni eegun ẹ̀yìn; àwọn igi tí ó sọ̀kalẹ̀ láti ara rẹ̀ ni egungun ìhà. Lára ògiri nínú ilé, àwọn baba àti ìyá ìran náà dúró ní òpó-òpó, ọnà híhun sì wà láàárín òpó kan sí èkejì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá wọlé, inú baba ńlá ni ó wọ̀. Àwọn tí ó sùn síbẹ̀ ní alẹ́ ìsìnkú, àárín ìdílé ni wọ́n sùn sí, àti òkú àti ààyè.

Ọ̀pọ̀ ilé ìpàdé ni ó ń jẹ́ orúkọ baba ńlá kan ṣoṣo. Orúkọ ọkọ̀ ojú omi ni èyí ń jẹ́. Mataatua ni ọkọ̀ tí ìtàn sọ pé ó gbé àwọn baba ńlá wọn dé Whakatāne, Toroa sì ni olórí rẹ̀. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ọkùnrin ti bọ́ sílẹ̀, ìgbì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọkọ̀ náà lọ pẹ̀lú àwọn obìnrin nínú rẹ̀. Èèwọ̀ ni kí obìnrin fọwọ́ kan àjẹ̀. Wairaka, ọmọbìnrin Toroa, ní òun yóò ṣe bí ọkùnrin. Ó mú àjẹ̀, ó sì gba ọkọ̀ là. Láti inú ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn ni ìlú náà ti gba orúkọ. Kì í ṣe Ngāti Awa nìkan ni ó ń pe ara wọn ní ọmọ ọkọ̀ yìí. Àwọn Tūhoe àti Whakatōhea náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ ilé ní Mataatua, gbogbo wọn ni ó ń pè wá sí abẹ́ òrùlé kan.

Kí ni ó fà á tí wọ́n fi nílò irú ìpè bẹ́ẹ̀? Ní ọdún 1865, wọ́n pa míṣọ́nnárì kan tí ń jẹ́ Völkner ní Ōpōtiki, wọ́n sì pa aṣojú ìjọba kan, James Fulloon, ní Whakatāne. Ìjọba amúnisìn rán ọmọ ogun wọ ilẹ̀ náà. Ní ọdún 1866, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé éékà ilẹ̀ 245,000 tí ó jẹ́ ti Ngāti Awa, èyí tí ó tó nǹkan bíi hẹ́kítà 99,000. Àtẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀ àtẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, gbogbo wọn ni ó jìyà. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà tí Wepiha Apanui àti àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ẹgbẹ́ rẹ̀ fi parí Mataatua. A kò lè ka iṣẹ́ ọnà yìí dáadáa bí a kò bá rántí ilẹ̀ tí ó ti lọ. Àwọn tí wọ́n gba oko àti odò lọ́wọ́ wọn fi igi kọ ìran wọn sílẹ̀, orúkọ lẹ́yìn orúkọ, pé àwọn ṣì wà. Ọ̀rọ̀ ni ilé yẹn, ìdáhùn sì ni.

Ọdún mẹ́rin péré ni ìdáhùn náà fi dúró. Ìjọba fẹ́ ohun tí yóò fi ṣe fọ́ńté níbi ìpàtẹ àgbáyé ti Sydney, wọ́n sì tú ilé náà lọ síbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún un gbé nàró, wọ́n yí ògiri rẹ̀ padà: òpó àwọn baba ńlá tí ó yẹ kí ó wà nínú ilé ni wọ́n kọ síta, kí èrò lè máa wò wọ́n bí wọ́n ti ń kọjá. Láti Sydney ó dé Melbourne. Láti Melbourne ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé South Kensington, níbi tí wọ́n ti kó o pamọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún. Wọ́n tún gbé e jáde fún ìpàtẹ Wembley ní ọdún 1924. Ní ọdún 1925, ó padà sí Níù Sílándì, ṣùgbọ́n ìlú Dunedin ni wọ́n gbé e lọ, ní erékùṣù gúúsù, fún ìpàtẹ mìíràn. Ibẹ̀ ni ó ti wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Otago, tí ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí àádọ́rin ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ohun tí wọ́n ṣe ní Sydney. Àwọn tí ó yí ògiri yẹn kò kórìíra iṣẹ́ ọnà náà; wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n fẹ́ kí ayé rí. Àṣìṣe wọn ni pé wọ́n rò pé a lè ya ẹwà kúrò lára ọ̀nà tí a fi ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n fín àwọn òpó yẹn fún ojú ẹni tí wọ́n ti ké sí, tí ó ti la ojúde kọjá, tí ó ti bọ́ bàtà, tí ó sì jókòó sínú òjìji ilé. Ní Sydney, ẹnikẹ́ni lè dé ọ̀dọ̀ wọn láìsí ìpè àti láìsí ìdáhùn. Oòrùn ń pa baba ńlá lójú, inú ilé sì ṣófo. Ó dà bí ìwé tí ènìyàn fi ẹ̀yìn rẹ̀ siwájú, tí ó wá ń yin àwọ̀ rẹ̀.

Ẹnìkan lè bi wá pé: bí kò bá sí ti àwọn ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, ǹjẹ́ ikán àti òjò kì bá tí jẹ igi náà tán? Ìbéèrè gidi ni, a kò sì ní fi ẹnu téńbẹ́lú rẹ̀. Òtítọ́ ni pé wọ́n tọ́jú igi. Ṣùgbọ́n láàárín àwọn Màórì, bí òpó bá jẹrà, ọmọ gbẹ́nàgbẹ́nà yóò gbẹ́ òmíràn; ibi tí ó ti ń gbẹ́ ẹ ni yóò ti kọ́ orúkọ ẹni tí òpó náà dúró fún. Igi tí kò jẹrà, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ orúkọ rẹ̀ mọ́, kí ni a tọ́jú nínú rẹ̀? Ìdáhùn tí ó dára jù lọ sí ìbéèrè yìí wá ní ọdún 1984, nígbà tí ìpàtẹ Te Maori ṣí ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Metropolitan ní New York. Ọ̀jọ̀gbọ́n Hirini Moko Mead, ọmọ Ngāti Awa, wà lára àwọn tí ó ṣètò rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn àgbà bá ohun ìní wọn rìn. Ní ìdájí ni wọ́n fi àdúrà àti ìpè ṣí ìlẹ̀kùn, kí àlejò kankan tó wọlé. Òkè òkun náà ni, àmọ́ ohun náà kò dá lọ láìní ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún un.

Ní ọdún 1996, lẹ́yìn ìjà ọlọ́jọ́ pípẹ́, ìjọba gbà láti dá Mataatua padà. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni iṣẹ́ àtúnṣe gbà kí wọ́n tó ṣí i ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2011. Wọ́n ní láti tún ohun tí ìrìn-àjò bàjẹ́ ṣe, kí wọ́n sì gbẹ́ ohun tí ó sọnù. Nísinsìnyí, àwọn àlejò láti ilẹ̀ jíjìn ń sanwó wá wò ó, wọ́n sì ń fi iná aláràbarà sọ ìtàn fún wọn nínú rẹ̀. Èyí kọ wá lóminú díẹ̀. Ǹjẹ́ ìpàtẹ kọ́ ni ó tún padà dé yìí? A rò ó títí. Ìyàtọ̀ tí a rí ni pé àwọn ọmọ ilé ni ó ń pe àlejò wọlé, tí wọ́n sì ń pinnu ohun tí wọn yóò fi hàn àti ohun tí wọn yóò fi pamọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ń ta ìtàn ìdílé rẹ̀ ní láti máa ṣọ́ra, kí òun fúnra rẹ̀ má baà yí ògiri ilé rẹ̀ síta.

Marae kò sì dúró lé ọjọ́ orí igi. Nígbà tí ọ̀pọ̀ Màórì ti fi abúlé sílẹ̀ lọ sí ìlú ńlá, wọ́n kọ́ marae tuntun síbẹ̀ fún ọmọ ẹ̀yà gbogbo, bíi Hoani Waititi ní Auckland, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1980. Ilé tuntun ni, ilẹ̀ àjèjì ni, ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tí ohùn kan bá ń pè tí òmíràn sì ń dáhùn, marae ni.

Báyìí ni a ṣe padà sílé. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, ilẹ̀ Faransé dá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé 26 padà fún Bẹ̀nẹ̀, àwọn ìlẹ̀kùn ààfin Àgbómẹ̀ sì wà lára wọn. Àwa ọmọ Kétu kò gbàgbé pé ogun Àgbómẹ̀ ni ó fọ́ ìlú wa ní ọdún 1886. Síbẹ̀ a bá wọn yọ̀, nítorí ìlẹ̀kùn tí kò ní ààfin, ìbànújẹ́ gbogbo wa ni. Ó wá kù sí ìbéèrè tí Mataatua fi lé wa lọ́wọ́. Bí wọ́n bá dá igi Gẹ̀lẹ̀dé kan padà fún wa lọ́la, a mọ ibi tí a ó gbé e sí. Ta ni yóò ké sí i wọlé? Ta ni ó mọ orin Ẹ̀fẹ̀ tí ó bá a rìn, oríkì ìdílé tí ó gbẹ́ ẹ, àti alẹ́ tí ó yẹ kí ó jáde? Bí a bá gbé e sínú dígí ní Àjàṣẹ́ tàbí ní Kútọnu, tí ọmọ wa dúró níwájú rẹ̀ tí kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ fún un ní èdè wa, àwa náà ti yí inú ilé síta nìyẹn, ní ilẹ̀ ara wa, pẹ̀lú ọwọ́ ara wa.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí ní èdè méjèèjì, ẹ má dúró de ọjọ́ tí àpótí yóò ti òkè òkun dé. Ẹ lọ jókòó ti àwọn ìyá àgbà tí ó mọ ìpè. Ẹ béèrè orúkọ òpó ilé yín lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá délé, ó yẹ kí ó bá ẹni tí yóò kí i káàbọ̀.