Ìṣirò Ojú Ọjà àti Ìṣirò Inú Kíláàsì

Ìwọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń ka ìwé yìí, bí o bá ti gba ọ̀nà Èkó lọ sí Benin rí, o kò lè ṣàìmọ Orè, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odigbo, níbi tí ọkọ̀ máa ń dúró kí èrò lè jẹun. Bí ọkọ̀ bá ti dúró ni àwọn ọmọ tí ń kiri ọjà yóò rọ̀ mọ́ fèrèsé rẹ̀. Bí a bá ní ọmọbìnrin kan ń ta ọsàn 5 ní ₦1,000, tí èrò kan sì ní kí ó fún òun ní 8, tí ó na ₦2,000 sí i, kí ọkọ̀ tó gbéra ọmọ náà yóò ti dá ₦400 padà fún un. Kò ní wá bébà, kò sì ní ka ìka. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ irú ìṣirò kan náà sí ojú pátákó fún un ní ọjọ́ kejì, ó ṣeé ṣe kí ó máa wo òrùlé. Olùkọ́ yóò pè é ní olódo. Èyí tí ó burú jù ni pé òun náà yóò gbà á gbọ́.

Àwọn àgbà a máa sọ pé àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ ìṣirò bí àwọn ti mọ̀ ọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè bá wọn gbè é. Ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ ọmọ ní ìṣirò ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà láti ayé àwọn baba ńlá wa; orí ọmọ kò yí padà rárá.

Ní ayé owó ẹyọ, ìṣirò kò ní kíláàsì. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì kan tí ó gbé ilẹ̀ Yorùbá, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 bí àwọn tí ń ka owó ti ń ṣe é. Ẹni náà yóò jókòó ti òkìtì owó, yóò máa fi ọwọ́ fà á ní márùn-ún márùn-ún. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀mẹrin, ogún pé. Ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ogójì ni a ń sín sí okùn kan. Àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyíinì ni 20,000. Ọmọ tí ó jókòó ti ìyá rẹ̀ ń fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí òǹkà ń ṣe. Wo orúkọ òǹkà pàápàá: márùndínláàádọ́ta. Ogún mẹ́ta ni ọgọ́ta. Yọ mẹ́wàá kúrò, ó di àádọ́ta. Yọ márùn-ún kúrò, ó di 45. Ẹni tí ó bá pe orúkọ yìí ti ṣe ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò lẹ́nu. (Kí n má purọ́, èmi náà a máa sọ pé fọ́tì-fáìfù.) N kò ní kí a padà sí owó ẹyọ, nítorí ìlànà náà wúwo bí iye bá ti pọ̀.

Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì lé ní 800,000 ní ọdún náà. Ohun rere ni, ṣùgbọ́n olùkọ́ tí ó gba ẹ̀kọ́ iṣẹ́ kò tó. Ọmọ ń ké tábìlì bí orin, pàṣán sì ń bẹ lórí tábìlì olùkọ́. Kọ́bọ̀ 12 ni sílè kan, sílè 20 ni pọ́n-ùn kan. Ẹni tí ó bá la èyí já, orí rẹ̀ a yá sí ìṣirò lóòótọ́. Àwọn yìí ni àwọn àgbà ń rántí. Wọn kì í rántí àwọn tí pàṣán lé padà sí oko.

Lẹ́yìn èyí ni ìṣirò tuntun dé. Ní 1957 àwọn ará Rọ́ṣíà rán Sputnik sí òfurufú, ẹ̀rù ba Amẹ́ríkà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí tún ẹ̀kọ́ ìṣirò wọn ṣe. Ní 1962 àwọn onímọ̀ láti Áfíríkà àti òkè òkun péjọ sí Entebbe ní Uganda láti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún wa. Ìwé náà dé Nàìjíríà pẹ̀lú sẹ́ẹ̀tì, àti òǹkà ní ìpìlẹ̀ márùn-ún tàbí ìpìlẹ̀ méjì. Òbí kò lè ran ọmọ lọ́wọ́ mọ́. Olùkọ́ mìíràn ń kà á lálẹ́ kí ó tó lè kọ́ ọmọ láàárọ̀. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1977, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ahmadu Ali, kọmíṣọ́nnà ìjọba àpapọ̀ fún ètò ẹ̀kọ́, kéde ní ìlú Benin pé a ti fi òpin sí i.

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ wá bí ohun àjèjì fún ọmọ tí ń gbọ́ òǹkà ìpìlẹ̀ ogún lẹ́nu ìyá rẹ̀ láti kékeré. Bí olùkọ́ bá ti sọ pé, “Bí ìyá rẹ àgbà ti ń ka owó nìyí,” ìdajì iṣẹ́ ìbá ti parí. Kò sí ẹni tí ó sọ ọ́. A gba ìwé láìbéèrè ìdí rẹ̀, a sì gbé e sọnù bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀rí wà pé ó lè rí bẹ́ẹ̀ kọ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní ẹ̀kọ́ fún ọdún 6, ìṣirò pẹ̀lú. Àwọn ọmọ náà ta àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yọ. Ní Recife ní Brazil ẹ̀wẹ̀, àwọn olùwádìí mẹ́ta tẹ ìròyìn jáde ní 1985 nípa ọmọ 5 tí ń tajà ní ìgboro. Lẹ́nu ọjà, wọ́n gba nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí a kọ ìṣirò náà sí bébà láìsí ọ̀rọ̀ ọjà nínú rẹ̀, nǹkan bí 37 ni wọ́n gbà. Àwọn ọmọ kan náà ni o.

Nítorí náà, nígbà tí olùkọ́ bá sọ fún ọ pé bí iye kan bá kọjá sí òdì kejì, kí àmì rẹ̀ yí padà, fi ìrẹ̀lẹ̀ bèèrè ìdí rẹ̀. Fóònù lè fún ọ ní ìdáhùn, kò ní fún ọ ní ìdí bí o kò bá bèèrè. Sì tún wo ọmọ ọlọ́sàn wa. Kò ṣe 8 lọ́nà 200. Ó mọ̀ pé 5 jẹ́ ₦1,000, ó fi 3 tí ó jẹ́ ₦600 kún un, ó sì dá ìyókù padà. Bí o bá dé kíláàsì ní ọ̀la, tí o sì rí 200(5 + 3) lójú pátákó, ohun tí ó ń ṣe lójú fèrèsé ọkọ̀ ní Orè gan-an nìyẹn.