Strachey àti Oríkèé Àdàkọ

Ẹlẹgbẹ́ mi kan sọ níbi àpérò wa tó kọjá pé ẹni tó ń ṣe àdàkọ ìwé fún kọ̀ǹpútà kò yàtọ̀ sí ẹni tó ń fi rúlà fa ìlà sórí fọ́ọ̀mù: kó ṣáà fi àyè sílẹ̀, kí dátà wá kún un, ó parí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ò pàtẹ́wọ́, inú sì ń bí mi títí di òní, nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí ló sọ Christopher Strachey di aláwàdà lójú àwọn tí kò ka iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́dún 1952, ní Yunifásítì Manchester, Strachey kọ ètò kan fún ẹ̀rọ Ferranti Mark 1, tí ẹ̀rọ náà fi ń kọ lẹ́tà ìfẹ́. Àwọn tó ń dárúkọ ètò yìí kì í kọjá àkójọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ àti M.U.C. tí ẹ̀rọ ń fi ṣe orúkọ ara rẹ̀ nísàlẹ̀ lẹ́tà, ìyẹn kọ̀ǹpútà Yunifásítì Manchester. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀, ẹni yìí kan náà ni òun àti Dana Scott jọ fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ lélẹ̀ ní Oxford lórí ìtumọ̀ èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe ni.

Irú gbólóhùn méjì péré ló wà nínú ara lẹ́tà náà. Nínú ọ̀kan, nǹkan kan tó jẹ́ ti ẹni tó ń kọ̀wé ń ṣe nǹkan sí ohun tó jẹ́ ti olólùfẹ́ rẹ̀. Nínú èkejì, ó ń pe olólùfẹ́ ní nǹkan tirẹ̀. Ẹ̀rọ ń yan gbólóhùn bí ẹni ṣẹ́ kèké, bẹ́ẹ̀ náà ló ń yan ọ̀rọ̀ tó máa wọ inú rẹ̀. Nínú irú gbólóhùn àkọ́kọ́, ẹ̀yán àti àpọ́nlé lè wà, wọ́n sì lè má sí. Bí wọn ò bá sí, gbólóhùn á pa ojú dé, kò ní sí àpá. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù ni pé bí méjì nínú irú gbólóhùn kejì bá tẹ̀ léra, ìkejì á ju "ìwọ ni" tó yẹ kó fi bẹ̀rẹ̀ nù, àmì kólọ́ọ̀nù á sì so ó mọ́ èyí tó ṣáájú. Akéwì tó ń ki ènìyàn kì í pe "ìwọ ni" ní gbogbo ìlà. Àdàkọ Strachey ń wẹ̀yìn wò, ó mọ ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹnu rẹ̀ jáde. Kò sí àyè tí a kún níbẹ̀ rárá: ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe dátà gan-an ló yí padà. Ibẹ̀ ni mò ń pè ní oríkèé, ibẹ̀ sì ni ọnà wà.

Ẹ wá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà ọ́fíìsì òde òní tó kọ "Olóyè" tí kò sí orúkọ lẹ́yìn rẹ̀, tí kọ́mà dá dúró gedegbe. Àwọn atẹ̀wé wa àtijọ́ ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ìpè ìkórè máa ń to "Olóyè/Alàgbà/Ọ̀gbẹ́ni/Ìyáàfin" síwájú ìlà tó ṣófo, akọ̀wé ìjọ á sì fi bírò fagi lé èyí tí kò kàn. Akọ̀wé yẹn ni oríkèé. Nígbà tí kọ̀ǹpútà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi nǹkan kan dípò ìdájọ́ rẹ̀.

Nínú èdè tiwa ló ti burú jù. Aládàkọ Gẹ̀ẹ́sì ń làágùn lórí akọ àti abo. "Ó" ti gba ọkùnrin, ó ti gba obìnrin lọ́wọ́ wa. "O" àti "ẹ" ló kàn wá. Báńkì kan kọ lẹ́tà Yorùbá sí ìyá mi, ẹni ọdún 81: "O ṣeun tí o yàn wá." Màmá dá a padà sínú àpò ìwé. "Ọmọ ta nìyí?" Ọjọ́ ìbí wọn wà nínú dátà báńkì náà, oríkèé tí ì bá lò ó ni kò sí. Mo mọ̀ pé ẹlẹgbẹ́ mi á ní kí a kúkú fi "ẹ" kọ gbogbo rẹ̀. Rárá o. Bí lẹ́tà èsì ìdánwò bá kọ "ẹ" sí ọmọ ọdún 9, ọmọ náà á máa wò yíká bóyá òun àti àwọn mìíràn ni wọ́n ń bá wí. Ọjọ́ orí nìkan kò sì tó: pásítọ̀ ọmọ ọgbọ̀n ọdún ń gba "ẹ" lẹ́nu àwọn àgbà ìjọ rẹ̀. Oyè gbọ́dọ̀ bá ọjọ́ orí wọ inú ìdájọ́ náà.

Oríkèé kan tún wà tó kéré ju gbólóhùn lọ. Nínú Unicode, "ọ" ní kóòdù tirẹ̀, ṣùgbọ́n "ọ́" kò ní: kóòdù lẹ́tà ọ̀tọ̀, kóòdù àmì ohùn ọ̀tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni "ẹ́". Orúkọ Ọlọ́runfẹ́mi jẹ́ lẹ́tà 10 lójú wa, kóòdù 12 ni lójú ẹ̀rọ. Níbí, dátà pé, àyè sì wà, gẹ́gẹ́ bí ẹlẹgbẹ́ mi ṣe fẹ́. Síbẹ̀, àdàkọ tó bá fún orúkọ ní kóòdù 10 péré á tẹ Ọlọ́runfẹ́ sórí ìwé ẹ̀rí, á sì gé "mi" dànù, ẹni náà gan-an tí Ọlọ́run fẹ́.