Ta Ló Ni Oríkì? Man o' War àti Will Harbut

Nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ nípa oríkì, ìbéèrè kan wà tí wọn kì í yé bi mí: ta ló ni oríkì, ṣé ẹni tí à ń kì ni, tàbí ẹni tó ń kì í? Ìdáhùn tí mo máa ń fún wọn ni pé ẹni tí à ń kì ló ni orí, ẹni tó ń kì í ló ni kíkì. Wọn a rẹ́rìn-ín, a ó sì gba ibẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń ka ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ nípa ẹṣin kan tó ń jẹ́ Man o' War, ìdáhùn yẹn kò tẹ́ èmi gan-an lọ́rùn mọ́.

Ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1917 ni wọ́n bí ẹṣin náà ní oko kan lẹ́bàá ìlú Lexington, ní ìpínlẹ̀ Kentucky. Ẹ̀yà ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Thoroughbred ni, ẹ̀yà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ nítorí eré ìje, tí wọ́n sì ń kọ ìran rẹ̀ sílẹ̀ láti orí baba dé orí baba ńlá, bí ìgbà tí arọ́kin bá ń ka ọba. Fair Play ni bàbá rẹ̀, Mahubah ni ìyá rẹ̀. August Belmont tó ni ín wà lẹ́nu iṣẹ́ ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní; ìyàwó rẹ̀ ló sọ ọmọ ẹṣin náà ní orúkọ tó jẹ mọ́ ogun, ó fi yẹ́ ọkọ rẹ̀ sí. Ogun yìí kan náà ni kò jẹ́ kí Belmont lè bójú tó ẹṣin mọ́, ló bá kó àwọn ọmọ ẹṣin rẹ̀ lọ sọ́jà ní Saratoga ní oṣù Kẹjọ ọdún 1918. Samuel Riddle ra Man o' War ní 5,000 dọ́là.

Ìgbà 21 ni ẹṣin yìí sáré ìje ní ọdún 1919 àti 1920. Ó gba ipò kìíní nígbà 20. Ẹyọ kan tó kù yẹn ni àwọn òǹkọ̀wé máa ń pẹ́ lé lórí jù, n kò sì dá wọn lẹ́bi. Ọjọ́ 13 oṣù Kẹjọ ọdún 1919 ni, ní Saratoga. Nígbà náà, wọn kò tíì máa ti ẹṣin mọ́ inú ilé onírin tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ń ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Okùn ni wọ́n ń nà síwájú wọn, ẹni tó ń dá wọn sílẹ̀ a sì gbé okùn náà sókè nígbà tó bá rí i pé wọ́n ti tò. Lọ́jọ́ náà, wọn kò tíì tò dáadáa tí okùn fi gbéra. Man o' War bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn. Agẹṣin rẹ̀, Johnny Loftus, tún lọ há sáàárín àwọn ẹṣin mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Kí ó tó rí ọ̀nà jáde, ẹ̀pa kò bóró mọ́. Ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ kílò 59. Ẹṣin tó fi díẹ̀ ṣáájú rẹ̀ ru kílò 52 péré. Ẹ̀ẹ̀méje ni ẹṣin méjèèjì pàdé, ẹ̀ẹ̀kan yìí nìkan ni ọwọ́ èkejì yọ.

Upset ni orúkọ ẹṣin tó borí náà, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni dídojú nǹkan dé. Àwọn kan ń sọ pé láti ọjọ́ yẹn ni àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì ti ń fi ọ̀rọ̀ náà pe ìjákulẹ̀ ẹni tí gbogbo ayé rò pé yóò borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti wà nínú ìwé ìròyìn New York ní ọdún 1877, lórí ọ̀rọ̀ eré ẹṣin gan-an. Síbẹ̀ mo fẹ́ràn irọ́ yìí. Àwọn ènìyàn kò lè gbà pé ẹṣin náà pàdánù lásán. Bí yóò bá pàdánù, àfi kí ìpàdánù náà bí ọ̀rọ̀ tuntun.

Ní ọdún 1920, kò sí ẹṣin tó borí rẹ̀. Ní oṣù Keje, ní pápá Aqueduct, John P. Grier bá a dọ́gba títí dé ibi tí eré ti ń parí lọ, títí Clarence Kummer tó gùn ún fi nà án lẹ́gba. Ó sì fi ìwọ̀n gígùn ara ẹṣin kan àti ààbọ̀ borí. Ní oṣù Kẹsàn-án, ẹṣin kan ṣoṣo ló gbà láti bá a díje nínú eré Lawrence Realization, àwọn tó wà níbẹ̀ sì díwọ̀n àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì sí gígùn ẹṣin 100. Lẹ́yìn náà, ó ru ẹrù tó lé ní kílò 62, ó tún borí. Ní oṣù Kẹwàá, ó fi gígùn ẹṣin méje na Sir Barton ní Windsor, ní Kánádà, ìyẹn ni eré rẹ̀ tó kẹ́yìn. Nínú ọ̀pọ̀ eré ìje wọn, ẹṣin tó bá dára jù ni wọ́n ń di ẹrù tó wúwo jù lé kí eré lè dọ́gba. Wọ́n sì ti fi yé Riddle pé bí Man o' War bá tún sáré ní 1921, wọn yóò di irú ẹrù tí ẹṣin kankan kò rù rí lé e. Riddle mú un lọ sílé, ní Kentucky, kó máa bímọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwé ti ń sáré parí ọ̀rọ̀ nìyí. Wọn yóò fi ojú ewé díẹ̀ sọ ti àwọn ọmọ rẹ̀: War Admiral tó gba ife mẹ́ta ńlá Amẹ́ríkà ní 1937, Battleship tó borí nínú Grand National ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1938, àti ọmọ-ọmọ rẹ̀, Seabiscuit. Ó ku ọdún 27 tí ẹṣin náà yóò ṣì lò láyé, nínú èyí tí kò sáré ìje kankan, tí òkìkí rẹ̀ sì ń pọ̀ sí i dípò kí ó máa lọ sílẹ̀. Àwọn tó wá wò ó lóko Faraway lé ní mílíọ̀nù kan gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí wọ́n ń ṣe. Kí ni wọ́n ń wá wò? Ẹṣin tó dúró lójú kan. Ohun tí mo rò ni pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá gbọ́ràn ni.

Ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Will Harbut, ni olùtọ́jú ẹṣin náà láti ọdún 1930. Maddoxtown ló ń gbé, abúlé àwọn ènìyàn dúdú lẹ́bàá Lexington. Kí a tó gbọ́ tirẹ̀, ó yẹ kí a rántí bí irú rẹ̀ ṣe di ẹni tí ń fa ìjánu. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ sá eré Kentucky Derby ní 1875, 13 nínú àwọn agẹṣin 15 jẹ́ ènìyàn dúdú. Ọ̀kan nínú wọn, Oliver Lewis, ló borí. Isaac Murphy borí nínú eré náà lẹ́ẹ̀mẹta. Jimmy Winkfield borí ní 1901 àti 1902, lẹ́yìn rẹ̀ a kò rí ènìyàn dúdú mìíràn tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn agẹṣin aláwọ̀ funfun gbìmọ̀ lé wọn kúrò lórí pápá, àwọn olówó ẹṣin kò sì gbà wọ́n síṣẹ́ mọ́. Winkfield bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó di Rọ́ṣíà. Nígbà tí Man o' War fi ń sáré, gàárì ti bọ́ lábẹ́ wọn. Ohun tó kù fún wọn ni ìjánu àti kòríko. Ibẹ̀ ni Harbut dúró sí tó fi ya ẹnu.

Ohun tó máa ń sọ délẹ̀ fún wa nínú ìwé ní oríṣiríṣi, kò sí méjì tó bára mu tán. Àwọn òǹkọ̀wé ń jiyàn lórí èyí tó jẹ́ ojúlówó. Ẹni tó bá ti bá apohùn ṣiṣẹ́ rí yóò mọ̀ pé àríyànjiyàn asán ni: gbogbo wọn ni ojúlówó. Ṣùgbọ́n òpó kan wà tí gbogbo wọn fẹ̀yìn tì. Ẹ jẹ́ kí a mú mẹ́ta.

Ó máa ń sọ pé ẹṣin yìí ti fọ́ gbogbo àkọsílẹ̀ eré tó wà, ó sì ti fọ́ gbogbo ẹṣin, kò wá sí ohun tó kù fún un ju kó fẹ̀yìn tì lọ. Ọ̀rọ̀ ìṣe kan náà ló lò fún ìwé àti fún ẹran ara. Ìfọ̀rọ̀dárà pọ́ńbélé ni, ó sì fi òtítọ́ ṣe ìpìlẹ̀, nítorí a ti rí i pé lóòótọ́ ni kò sí ohun tó kù: ẹṣin mìíràn kò fẹ́ bá a díje, ẹrù tó kù kò ṣe é rù. Èkejì, ó máa ń sọ pé gbogbo ohun tó yẹ kí ẹṣin ní ló ní, ibi tó sì yẹ kí wọ́n wà náà ni wọ́n wà. Ẹ wo àwítúnwí yẹn, bí ìdajì kejì ṣe gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìdajì kìíní, tó sì tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀. Ẹ̀kẹta ló gbajúmọ̀ jù. Ó mú ọ̀rọ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì fi ń sọ pé nǹkan ju gbogbo nǹkan lọ, ó tún di àmì "jù lọ" kejì lé e lórí, ó sì fi í pe ẹṣin. Lẹ́yìn èyí ni yóò kọjú sí ẹṣin fúnra rẹ̀, yóò sọ fún un pé kó dúró jẹ́ẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó gbẹ́yìn yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹni tó ń ròyìn lásán kì í yí padà bá ohun tó ń ròyìn sọ̀rọ̀. Akígbe ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: á sọ fún ìlú, á sọ fún ọba, á tún padà sọ fún ìlú. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ pé mo ní Yorùbá ni Harbut. N kò rí ẹ̀rí kankan, n kò sì fẹ́ràn ìwà àwọn onímọ̀ wa tó jẹ́ pé gbogbo ohun rere tí ènìyàn dúdú bá ṣe níbikíbi, Ilé-Ifẹ̀ ni wọn yóò tọ́ka sí. Ohun tí mo ń sọ kò ju pé a ní òṣùwọ̀n tí a lè fi wọn iṣẹ́ rẹ̀, àwọn tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò sì ní in.

Nítorí wọn kò ní in, wọ́n fi í ṣe ẹ̀rín. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba sípẹ́lì ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ kí ó lè hàn pé ènìyàn dúdú ló ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ aláwọ̀ funfun Kentucky náà kò pe ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, sípẹ́lì tiwọn sì mọ́ gaara. Wọ́n ka àmì "jù lọ" méjì yẹn sí àìmọ̀ gírámà. Èmi kà á sí ọnà èdè. Ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún àlejò láti ọdún dé ọdún ti gbọ́ bí ó ṣe ń dún létí wọn. Bí ó bá fẹ́ yí i padà, ì bá ti yí i. Àwọn mìíràn lè ní Harbut kò sí lórí pápá ní 1920, kí ló wá mọ̀? Àkìjà wa kan wà lórí èyí: ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ki Ògèdèǹgbé lónìí ni kò sí níbi ogun Kírìjí.

Nígbà tó di 1962, Walter Farley kọ ìwé ìtàn àròsọ lórí ẹṣin yìí fún àwọn ọ̀dọ́. Ìwé tó dùn ún kà ni. Ojú ọmọ olùtọ́jú ẹṣin kan tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀ ló fi wo ìtàn náà. Mo mọ̀ pé òǹkọ̀wé ní ẹ̀tọ́ sí ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀, síbẹ̀ ó ṣe mí ní kàyéfì pé níbi tí ẹnu gidi wà, wọ́n tún lọ yá ojú àfinúrò.

Ohun tó tún burú sí mi ju èyí lọ ni ìtàn ikú wọn. Harbut kú ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ọdún 1947. Ìwé ìròyìn àwọn ẹlẹ́ṣin kọ ọ́ pé ó fi ìyàwó, ọmọkùnrin mẹ́fà, ọmọbìnrin mẹ́ta àti Man o' War sáyé lọ. Oṣù kan kò pé tí ẹṣin náà fi kú, ní ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá. Wọ́n fi oògùn pa òkú rẹ̀ mọ́, wọ́n tẹ́ ẹ sínú pósí tí wọ́n fi aṣọ dúdú àti àwọ̀ ìyeyè tẹ́ inú rẹ̀, àwọ̀ tí àwọn agẹṣin Riddle ń wọ̀. Rédíò gbé ìsìnkú náà sáfẹ́fẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń sọ pé ìbànújẹ́ ikú Harbut ló pa ẹṣin. Ẹṣin ọgbọ̀n ọdún ti darúgbó kọjá àlà. Ara rẹ̀ kò sì yá tẹ́lẹ̀. Ìtàn náà dùn, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe: ó sọ apohùn di ọ̀rẹ́ ẹran. Ìfẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń rántí, iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ń gbàgbé.

Àwa náà kò mọ́ nínú ẹ̀bi yìí. Nínú iṣẹ́ tí mo fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ìyá àgbà kan fi ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ki ìdílé jagunjagun kan fún mi, ó ki àwọn ọkùnrin wọn, ó ki ẹṣin wọn. Orúkọ gbogbo jagunjagun náà wà nínú iṣẹ́ mi, pẹ̀lú àmì ohùn tó pé. Mo tún wo ìwé náà nígbà tí mo ń kọ àròkọ yìí. Ohun tí mo pe ìyá náà ni abẹ́nà ìmọ̀ kẹrin. Mo wá orúkọ rẹ̀ nínú àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ mi fún ọjọ́ méjì, n kò rí i.

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Lord Halifax, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Amẹ́ríkà, lọ sí oko Faraway. Ó dúró títí Harbut fi sọ tirẹ̀ tán. A gbọ́ pé ohun tó sọ ni pé ó tó ohun tí ènìyàn lè rin ìdajì ayé nítorí rẹ̀. Ó ní láti gbọ́ ọ. Kò mẹ́nu ba wíwò.