Òṣùwọ̀n Kì í Ṣojúsàájú

Iṣẹ́ kéèkì ni mo ń ṣe jẹun nílùú Ìbàdàn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé èwo ni mo fẹ́ràn jù nínú ohun èlò iṣẹ́ mi, òṣùwọ̀n kékeré tó wà lórí tábìlì ni mo máa tọ́ka sí. Kì í ṣojúsàájú. Iye tó bá sọ fún èmi ọ̀gá náà ló máa sọ fún ọmọ iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ife kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àyè ni ife ń wọ̀n. Kò mọ bí ohun tó wà níbẹ̀ ṣe wúwo tó. Ẹ jẹ́ ká mú fúláwà. Bí mo bá fi ṣíbí bù ú díẹ̀díẹ̀ sínú ife ìdáná àwọn ará Amẹ́ríkà, tí mo fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ gbá orí rẹ̀ tẹ́jú, yóò tó nǹkan bí 120 gíráàmù. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ti ife kan náà bọ inú àpò, tó sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó lè tó 150. Tá a bá bu ife mẹ́rin tán, tirẹ̀ á ti fi ohun tó lé ní 100 gíráàmù ju tèmi lọ. Kéèkì tèmi á rọ̀, tirẹ̀ á gbẹ, bẹ́ẹ̀ ìwé kan náà la jọ kà.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ife tó gba fúláwà 120 gíráàmù yìí náà ló ń gba ṣúgà 200, bọ́tà 227, omi 237, oyin á sì sún mọ́ 340. Mo fẹ́ràn àwọn iye wọ̀nyí torí pé ìwà èròjà ni wọ́n ń sọ: afẹ́fẹ́ ló pọ̀ láàárín fúláwà, oyin kò sì fi àyè kankan sílẹ̀.

Agolo mílíìkì, dẹ́rìkà àti kóńgò ni ọ̀pọ̀ wa bá nílé ìdáná ìyá wa. Kò yẹ ká dà wọ́n nù. Ẹ gbé agolo òfìfo lé òṣùwọ̀n, ẹ tẹ ohun tó ń dá a padà sí òdo, kí ẹ bu omi kún un dé etí. Mìlílítà omi kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gíráàmù kan gẹ́lẹ́, nítorí náà ẹ ti mọ ohun tí agolo yín ń gbà. Ẹ nù ún gbẹ, ẹ bu gàrí sí i, ẹ gbá orí rẹ̀ tẹ́jú, ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó kan èlùbọ́, ó kan ẹ̀wà, ó kan ìrẹsì. Agolo tiyín nìkan ni àkọsílẹ̀ náà wà fún o, torí kóńgò ọjà kan lè yàtọ̀ sí ti ọjà kejì. Ènì dára lọ́jà, ṣùgbọ́n kéèkì kò mọ ènì.

Ọ̀pọ̀ bọ́tà tá à ń rà ní páálí jẹ́ 250 gíráàmù. Mo máa ń wọn fúláwà 250 àti ṣúgà 250 tì í, ẹyin márùn-ún á sì pé 250, torí ẹyin kan láìsí èèpo tó nǹkan bí 50. Bí ẹyin bá kéré, mo máa ń po ẹ̀kẹfà, kí n rọra dà á sí i títí iye náà á fi pé. Bí oníbàárà bá ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta fún ìgbéyàwó, ìṣirò lásán ni.

Àwọn kan ní òṣùwọ̀n ń sọ ọwọ́ ẹni di ọ̀lẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ojú mi ni mo ṣì fi ń mọ̀ bí bọ́tà àti ṣúgà bá ti funfun tó. Ọwọ́ mi ló ń sọ fún mi pé fúláwà ti gbẹ nínú ọyẹ́, ó ń fẹ́ omi sí i. Àfojúdá nìkan ni òṣùwọ̀n gbà kúrò lọ́rùn mi. Ó tún jẹ́ kí iṣẹ́ ṣeé fà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bí ìyá yín bá ń ṣe ṣin-ṣín tí kò lẹ́gbẹ́, tó jẹ́ pé ojú ló fi ń wọn gbogbo rẹ̀, ẹ má ṣe dá a dúró. Ẹ kàn gbé òṣùwọ̀n sábẹ́ abọ́ rẹ̀, kó máa bù ú bó ṣe mọ̀ ọ́n bù, kí ẹ̀yin máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀.