Onígbàjámọ̀ Èkó àti Àwọn Tí Ń Ru Ìtàn

  Ẹjọ́ kan ni wọ́n gbé wá sí ilé-kéú wa. Bàbá kan ní àwọn ọmọ wa àgbà ń kó orí jọ sídìí fóònù lálẹ́, pé wọ́n ń wo eré òyìnbó kan níbi tí ọkùnrin kan ti ń pe ara rẹ̀ ní òrìṣà. Ó fẹ́ kí a fi òfin dè é. A bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ tẹnu ẹlẹ́jọ́ kejì, nítorí agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. A wo eré náà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì pẹ̀lú àwọn ọmọ náà fúnra wọn, a sì gbọ́ àríyànjiyàn wọn.

Doctor Who ni orúkọ eré àtìgbàdégbà náà. Ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá ọdún 1963 ni iléeṣẹ́ BBC ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí náà ó dàgbà ju àwa tí a ń kọ̀wé yìí lọ. Ẹni tí ó dá lé lórí ni wọ́n ń pè ní Dókítà. Kì í ṣe ọmọ ayé yìí. Inú àpótí ọlọ́pàá aláwọ̀ búlúù kan ni ó fi ń rin ọdún tí ó ti kọjá àti ọdún tí kò tíì dé, bí ikú bá sì kàn án, ara mìíràn ni ó máa ń gbé wọ̀. Ọgbọ́n yìí ni wọ́n fi ń pààrọ̀ òṣèré láti ìgbà náà. Ní ọdún 2025, Ncuti Gatwa ni Dókítà, ọkùnrin dúdú tí wọ́n bí ní Ruwáńdà tí ó sì dàgbà ní Skọ́tíláńdì. Apá tí wọ́n gbé jáde ní ọjọ́ 10 oṣù karùn-ún ọdún náà, The Story & the Engine, Èkó ni ó ti ṣẹlẹ̀. Inua Ellams ni ó kọ ọ́, akéwì tí wọ́n bí ní Jọ́ọ̀s ní 1984, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Mùsùlùmí, tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Òun náà ni ó kọ Barber Shop Chronicles, eré orí ìtàgé ọdún 2017 tí ó ń gbé òǹwòran láti ìsọ̀ bábà kan dé òmíràn, ní Lọ́ńdọ̀nù, ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn ní Áfíríkà.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Dókítà yà sí Èkó láti kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́, Omo Esosa, tí ó ní ìsọ̀ bábà. Nínú ìgbèkùn ni ó bá a. Àjèjì kan ti gba ìsọ̀ náà. Bábà náà ni gbogbo wọn ń pè é, wọn kò fún un ní orúkọ mìíràn. Ó ti Omo mọ́lé pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀, Rashid, Tunde àti Obioma. Ẹni tí ó bá kàn yóò jókòó sórí àga, bí wọ́n ti ń gẹ irun rẹ̀ ni yóò máa sọ ìtàn, ìtàn náà yóò sì máa hàn bí àwòrán lójú fèrèsé. Kò pẹ́ tí irun náà yóò tún hù padà, kí ìtàn má baà tán. Ìsọ̀ náà, ọkọ̀ ni. Alántakùn ńlá kan ni ó pọ̀n ọ́n sẹ́yìn tí ó ń rìn lórí òwú lójú òfurufú, ìtàn tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń sọ sì ni epo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń mu.

Ẹni tí ó kọ eré yìí mọ ìsọ̀ bábà dáadáa. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó rí ní Lafẹ́ńwá tàbí ní Ìtòkú, tí bábà so aṣọ mọ́ ọn lọ́rùn, mọ̀ pé bí orí bá ti tẹ̀, ẹnu a máa là. Níbo ni o fẹ́ sá sí? Abẹ wà ní ìpàkọ́ rẹ. Ọ̀rọ̀ òṣèlú, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, ọ̀rọ̀ ìyàwó ilé, gbogbo rẹ̀ ni yóò jáde. Kí ẹ̀rọ ìgẹrun tó dé, onígbàjámọ̀ ni a ní. Òun ni ó ń fá orí ọmọ tuntun fún wa nígbà ìsọmọlórúkọ, àwọn tí ó sì ti lọ sí Háájì mọ abẹ tí ó ń dúró de àwọn ọkùnrin ní Mẹ́kà. Orí fífá máa ń wà lẹ́nu ọ̀nà ibi tí orúkọ tuntun wà lọ́dọ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́ ẹ rántí èyí, a óò tún padà sí i. Nígbà tí Dókítà sọ pé ìsọ̀ Omo ni ibi tí wọ́n ti gbà á bí ọmọ ilé, nínú ara dúdú tí wọn kì í fi ojú rere wò níbòmíràn, àwọn ọmọ wa tí wọ́n ní ẹ̀gbọ́n ní Lọ́ńdọ̀nù dákẹ́ lọ gbári.

Ibi tí ó wù wá jù ni ibi tí ó kan Dókítà fúnra rẹ̀ láti sọ ìtàn. Ẹni tí ó ti rí ogun àti ìràwọ̀ tí ó jóná, ìtàn Belinda ni ó sọ, nọ́ọ̀sì tí ó bá a rin ìrìn àjò, bí ó ti tọ́jú aláìsàn kan níbi iṣẹ́ ní ọjọ́ kan lásán. Ẹ́ńjìnnì náà sì yó ju bí ó ti ń yó tẹ́lẹ̀ lọ! Àwa olùkọ́ ni kí ẹ bi léèrè ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí a bá ní kí ọmọ kọ ìtàn, ààfin ọba ni ó máa ń sáré lọ, yóò sì fi ìyá rẹ̀ tí ó ń pa aró àdìrẹ sílẹ̀ nílé.

Àwọn ọmọ rò pé ìtàn tí ń hàn lójú fèrèsé yìí jẹ́ ohun tuntun tí òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ rò. A ní rárá o, ọmọ Abẹ́òkúta kan ti ṣáájú wọn. Amos Tutuola, tí wọ́n bí ní ìlú wa yìí ní 1920, fi abo iwin kan sínú ìwé rẹ̀ My Life in the Bush of Ghosts ní 1954, iwin tí tẹlifíṣọ̀n wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ọdún márùn-ún ṣì kù kí tẹlifíṣọ̀n tó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959. Nínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn ni ọmọkùnrin tí ó sọnù sínú igbó ti rí ìyá rẹ̀ nílé, tí ó sì rí ewé tí ìyá rẹ̀ fi ń wo egbò. Ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀. Àwòrán Tutuola ń fún ẹni tí ń wò ó ní oògùn àti ọ̀nà ilé. Àwòrán ìsọ̀ Bábà ń jẹ ẹni tí ń sọ ọ́. Àwọn òbí tí ń bi wá léèrè nípa fóònù, ìbéèrè tí ó yẹ kí ẹ bi ọmọ yín nìyẹn: èwo nínú méjèèjì ni ó wà lọ́wọ́ rẹ?

Ó ku ọ̀rọ̀ òrìṣà tí ó gbé wa dé ibí. Òtítọ́ ni pé Bábà náà dìde, ó ka orúkọ òrìṣà bíi mélòó kan láti ilẹ̀ oríṣiríṣi, ó ní òun ni gbogbo wọn. Ohun tí ó tẹ̀lé e ni pé Dókítà àti Belinda bú sí ẹ̀rín. Eré náà fúnra rẹ̀ ni ó tú u fó: ọmọ ènìyàn bí tiwa ni. Òun ni ó ń ṣa ìtàn àwọn òrìṣà jọ, tí ó ń tún un ṣe, tí ó ń gbé e dé etí ènìyàn, kí wọ́n má baà gbàgbé wọn. Èyí bá ohun tí àwọn baba wa ti sọ mu tipẹ́tipẹ́, pé bí ènìyàn kò sí, òrìṣà kò sí. Ohun tí ó bá fi ẹnu ènìyàn jẹun, ebi lè pa á. Ọlọ́hun tí a ń sìn kò dín kù bí gbogbo ayé bá dákẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kan ti sọ èyí kí a tó la ẹnu, nítorí náà a dá ẹjọ́ náà pé kí wọ́n máa wò ó, ṣùgbọ́n kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tí ilé-ìwé bá wà lọ́la.

Àléébù wà níbẹ̀. Ìtàn Èkó ni, Anansi alántakùn ti àwọn Akan ní Gánà ni wọ́n gbé kalẹ̀. Abena tí ó ń ran Bábà lọ́wọ́, ọmọ Anansi ni. A mọ ìdí rẹ̀: Anansi ti bá àwọn ẹrú kọjá òkun dé Jàmáíkà, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ti mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìsọ̀ tí ó ń rìn, ilé tí ẹnì kan pọ̀n sẹ́yìn kiri, ta ni ó ni ín bí kì í bá ṣe Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo? Àwòrán náà ti wà nílẹ̀ dè wọ́n, wọ́n sì rékọjá rẹ̀.

Abena yìí ni ó di irun Dókítà, tí ó fi ìdì náà ya ọ̀nà tí yóò gbà dé ìdí ẹ́ńjìnnì. Ó ní báyìí ni àwọn obìnrin nínú oko ẹrú ti ń ya ọ̀nà àsálà sórí ara wọn. Àwọn ọmọbìnrin wa fẹ́ràn ibẹ̀ púpọ̀. Ẹni tí ó bá mọ ṣùkú àti ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ mọ̀ pé irun ń sọ̀rọ̀. A kò bá wọn jà. A kàn bi wọ́n pé ta ni ó gbọ́ ọ lẹ́nu ta? Ẹnu àwọn ará Palenque ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, ọmọ àwọn ẹrú tí ó sá lọ tẹ ìlú dó, ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ọ. Ìtàn àtẹnudẹ́nu ni. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a máa sọ ẹnu tí ó ti wá bí a bá ń sọ ọ́.

Ibí gan-an ni ẹjọ́ Bábà wà. Ó ru ìtàn àwọn òrìṣà títí, ó wá bèèrè pé kí wọ́n dá òun mọ̀ fún iṣẹ́ òun, wọ́n fi í ṣe ẹ̀sín, wọ́n sì lé e. Ìdí nìyẹn tí ó fi kan ọkọ̀ rẹ̀: ó fẹ́ dé àárín òwú náà kí ó gé gbogbo wọn kúrò nínú ìrántí ọmọ ènìyàn. Dókítà ní bí ó bá gé wọn, ara ọmọ ènìyàn náà ni yóò gé. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ọmọ wa. Ọmọkùnrin kan tí ó fẹ́ràn Dókítà bí ẹni fẹ́ràn agbábọ́ọ̀lù ní ó tọ̀nà, ẹni tí ó ti ènìyàn mọ́lé, òṣìkà ni. Ọmọbìnrin kan ní, “Ààfáà, ó ṣìkà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ rẹ̀ ńkọ́? Kò sí ẹni tí ó dá a lóhùn lórí ìyẹn.”

Tirẹ̀ ni àwa gbè. Ìmọ̀ Hádíìsì tí a ń kọ́ wọn, orí orúkọ àwọn arùtàn ni ó dúró sí. Imam Bukhari, tí ó kú ní 870, kò ní gba ọ̀rọ̀ kan wọlé àfi kí ó mọ lágbájá tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu tàmẹ̀dò, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ Ànábì. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí ó tẹ̀lé wọn kọ ìdìpọ̀ ìwé lórí àwọn arùtàn nìkan, ibi tí wọ́n gbé, ẹni tí ó kọ́ wọn, bóyá wọ́n máa ń gbàgbé. Alágbẹ̀dẹ wà nínú wọn, aláṣọ wà nínú wọn, orúkọ wọn kò sì parẹ́. Àlọ́ tiwa ńkọ́? “Ní ayé àtijọ́” ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Ìyá àgbà tí ó pa á fún wa kò sí níbẹ̀ mọ́. Bí Bábà náà bá wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá, yóò rí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀.

Báwo ni eré náà ṣe parí ẹjọ́ náà? Dókítà fi ìtàn ara rẹ̀, tí ó ń kú tí ó tún ń yè, bẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, Bábà ṣí ilẹ̀kùn, gbogbo wọn jáde láàyè. Omo ní òun fẹ́ sinmi iṣẹ́, ó gbé ìsọ̀ lé Bábà lọ́wọ́, ó sì sọ ọ́ ní Adétòkunbọ̀. Àánú wà níbẹ̀, a kò sì kẹ́gàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yá jù. Nílé wa, bí a bá fá orí tán, a ó pe ènìyàn jọ, a ó sì sọ ìdí orúkọ. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé kí wọ́n dárúkọ òun mọ́ iṣẹ́ tí òun ti ṣe. Orúkọ tuntun ni wọ́n fún un kí ó fi bẹ̀rẹ̀ òmíràn. (Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín pé tòkunbọ̀ ni orúkọ ọkọ̀ àlòkù. A ní kí wọ́n jókòó.)

Ọ̀rọ̀ yìí kan Doctor Who fúnra rẹ̀ ju bí wọ́n ti rò lọ. BBC pa ọ̀pọ̀ nínú apá àkọ́kọ́ eré náà rẹ́ kúrò lórí téèpù nígbà tí wọ́n rò pé kò wúlò mọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti tà á fún ilẹ̀ òkèèrè, títí kan Nàìjíríà. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2013 ni wọ́n kéde pé apá mẹ́sàn-án tí ó ti sọnù ti jáde, láti inú The Enemy of the World àti The Web of Fear, tí wọ́n ṣe láàárín 1967 àti 1968. Inú yàrá ìkẹ́rùsí iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n kan ní Jọ́ọ̀s ni wọ́n ti bá wọn, ìlú kan náà tí wọ́n bí Ellams sí. Philip Morris, òyìnbó tí ó wá wọn rí, orúkọ rẹ̀ wà nínú gbogbo ìròyìn tí a kà. Ọwọ́ kan ni ó to àwọn agolo fíìmù náà sórí pẹpẹ ní Jọ́ọ̀s, tí kò sì jẹ́ kí wọ́n dà á nù fún ọ̀pọ̀ ọdún. A wá orúkọ ẹni náà nínú àwọn ìròyìn wọ̀nyí, a kò rí i.